Má Gbé Iṣẹ́ Jáde Lọ́jọ́ Ẹtì

Ìbídùnní, fa àga sún mọ́ mi.
Jẹnẹrétọ̀ onítẹ̀wé ìsàlẹ̀ ń han gooro,
ṣùgbọ́n má wulẹ̀ ti fèrèsé, ooru á pa wá.

Ní Ṣómólú yìí náà ni mo ti kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀,
nígbà tí tàdáwà kì í kúrò ní èékánná mi.
Bí a bá tẹ ẹgbẹ̀rún kàlẹ́ńdà tán
tí a ṣi orúkọ olóyè kọ,
owó wa gbé, èébú tún kún un.
Tiyín dẹrùn: ẹ lè tún àṣìṣe ṣe kí tíì tó tutù.
Ìrọ̀rùn yẹn gan-an ni mo ń bá jà.

Wo ojúewé tó o ṣe fún Alàgbà Ṣówẹ̀mímọ́,
oníṣòwò irin ìlẹ̀kùn l'Óyíngbò.
Àwòrán márùn-ún ló ń yí lókè bí òkòtó,
mẹ́ta nínú wọn, Alàgbà fúnra rẹ̀ ni, tòun ti fìlà.
Ta ló dúró wo ẹlẹ́ẹ̀kejì rí?
Káfíńtà tó ra dátà igba náírà
kò wá wo fìlà. Nọ́ńbà fóònù ló ń wá,
o sì lọ rì í mọ́ ìsàlẹ̀ pátápátá
bí ẹni ń bo owó mọ́lẹ̀.

Fóònù àtijọ́ kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ojú rẹ̀ ti sán.
Gbé e lọ sábẹ́ afárá Jíbówú,
níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń mí bí ẹni ikọ́ fée ń ṣe,
kó o fi àtàńpàkò kan ṣoṣo tẹ bọ́tìnnì rẹ.
Bí o bá tẹ "Rà á" tó lọ ṣe "Pa á rẹ́",
kì í ṣe àtàńpàkò ló jẹ̀bi.

Ta ni x1? Ta ni x2?
Kí ni "ìparí-tuntun-tó-dájú-3"?
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Ìwọ ò wolé, o ò wòta, o sọ ọ́.
Lóṣù tó ń bọ̀, wàá pè é, kò ní jẹ́ ọ.

O ń rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n ro tèmi.

Ọjọ́ Ẹtì kan, aago márùn-ún kọjá,
mo gbé fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ojú kan jáde, l'Ébùúté Mẹ́ta,
mo pa fóònù, mo sùn.
Lówùúrọ̀ Àbámẹ́ta, Màmá Ọ̀ṣúnkẹ́yẹ dé ibẹ̀,
ojú ọ̀tún ti ń ṣú.
Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ orúkọ náà pé pérépéré,
bí olùkọ́ Yorùbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.
Pupa. "Orúkọ yìí kò tọ̀nà."
Ó tún un tẹ̀. Pupa.
Akọ̀wé ní ohun tí ẹ̀rọ bá kọ̀, òun ò lè gbà á.
Wọ́n padà sílé láìrí dókítà.

Èmi ni mo kọ ìlà yẹn.
Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ẹlòmíràn ni mo fi ṣe aṣọ́nà,
èmi Ọ̀jẹ́ṣínà, tí àmì wà lábẹ́ orúkọ tèmi náà.

Ọjọ́ Ajé ni mo tó gbọ́.
Mo tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin
(mẹ́rin péré, ìyẹn ló dùn mí jù),
mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a nílé.
Ó ní, "Kọ ọ́ kí n rí i."
Mo kọ ọ́. Ó sún mọ́ gíláàsì,
ó fi ìka ra àmì tó wà lábẹ́ ṣ
bí ẹni ń nu eruku.
Kò nù.
"Àṣé ìyẹn náà ni?"

Àwọn àgbà ò pè é ní Ẹtì lásán.
Ohun tó bá tì nírọ̀lẹ́ òní,
ẹni tí yóò tún un ṣe ti sùn.
Pa á dé, Ìbídùnní.
Fi ẹ̀dà kan síbí, fi ọ̀kan sí ibòmíràn.
Fìlà Alàgbà lè máa yí títí di Ajé.
O gbọ́?
Onítẹ̀wé ti pa jẹnẹrétọ̀.