Àwo Tí Kò Kọ̀

Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti ń tà á, ní Kutaisi,
nínú òtútù oṣù kejì, lórí tábìlì tí wọ́n fi ọ̀rá bò:
àwo òfìfo, àádọ́ta nínú páálí kan,
wọ́n ń dán bí ìpẹ́ ẹja.
Murmani kì í wo dídán.
Àbúrò ìyá mi á yọ ọ̀kan, á gbé e síwájú gílóòbù,
á di ojú kan.
"Bí o bá rí iná gílóòbù ní òdìkejì,
dá a padà fún wọn.
Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́
kò ní di orin mú."

Zhuzhuna tó ń tà á pòṣé.
"Ṣé àwo lo fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lo fẹ́ fẹ́?"
"Ìyàwó a máa dárí jini," ni Murmani wí.

Márùn-ún péré ló kọ́kọ́ máa ń rà.
Kò gba páálí gbọ́: orúkọ kan náà lára ìdérí,
ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nínú ikùn.
Á fi awò wo àwo,
á ka nọ́ńbà wínníwínní tó wà létí ihò àárín,
á kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò mi.
Ẹ̀rọ lè sáré ní ìlọ́po méjìdínláàádọ́ta;
mẹ́rin ni ó fún un.
"Ẹni tó ń sáré kọ̀wé, ta ni yóò kà á?"
Á mú ọ̀kan tó ti kọ, á gbé e sójú fèrèsé kó máa yá oòrùn
láti ìgbà tí àjàrà bá rúwé títí a ó fi fún un,
kó tó wá fi etí sí i.
Èyí tó bá ṣojo, a so ó mọ́ igi ṣẹ́rì
kó máa lé ẹyẹ.

Lọ́dún náà, Tsiala sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè
pẹ̀lú wàràkàṣì kan nínú aṣọ.
"Ọmọ mi ń fọ àwo ní Tẹsalóníkà.
Fi ohùn bàbá rẹ̀ sínú àwo fún mi."

Arúgbó mẹ́ta ló kọrin náà ní ilé ìdáná wa:
ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, kò mira, bí òkúta inú odò,
ọ̀kan ní àárín tó ń wá ọ̀nà,
Iliko, ọkọ Tsiala, lókè pátápátá,
ọwọ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn etí.

Iná ìlú wa nígbà náà kò ṣeé fọkàn tán.
Ìṣẹ́jú kọkànlá, fìríìjì dákẹ́,
ẹ̀rọ dákẹ́, ìgboro dúdú.
Àwa kọ ọ́, àwo kọ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bákan náà.
Àwo mẹ́ta ló kù nínú àwọn tí oòrùn kò rí gbé ṣe.
Murmani yá bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ Gela,
ó gbé e gun àtẹ̀gùn ìpele mẹ́rin,
ó ní kí n má rìn, kí n má wúkọ́.
Nígbà tí ẹ̀rọ pọ àwo jáde, ó gbóná díẹ̀.
"Kálámù rírọ̀ ni kí o fi kọ orúkọ, má fi bírò.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni orin wà, kì í ṣe ikùn."

Ọ̀kan lọ sí Tẹsalóníkà. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wa.
Iliko kò jẹ ṣẹ́rì ọdún yẹn.

Ó ti tó ogún ọdún. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá
mo yọ ọ́ nínú dúrọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn.
Murmani kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́,
ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí ohùn.
Òkúta inú odò dé. Ti àárín dé.
Iliko gòkè, ó gòkè,
ní ẹsẹ kẹta, ohùn rẹ̀ já,
ó tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tún padà.
Mo bi í pé: àwo ni, àbí èémí?
Ó ní kí n tún un gbé sí i.
Lẹ́yìn náà ó yọ àwo,
ó gbé e síwájú gílóòbù,
ó di ojú kan,
ó pẹ́ níbẹ̀.