Pẹ́pẹ́yẹ Tí Kò Mọ Mareel

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn
ní erékùṣù Yell, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ,
Osla, ìyá bàbá mi, á nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná rẹ̀,
á ní, "Gbé páàdì yẹn wá.
Lónìí ni màá kọ́ pẹ́pẹ́yẹ yìí lọ́gbọ́n."

Pẹ́pẹ́yẹ ni adájọ́ nínú géèmù wa:
ó dé fìlà, ó wọ gíláàsì, kò ju àtàǹpàkò lọ.
Lẹ́tà méje á já bọ́ láti òkè tẹlifíṣọ̀n,
ìwọ á tò wọ́n títí wọn á fi di ọ̀rọ̀.
Bí pẹ́pẹ́yẹ bá mọ ọ̀rọ̀ náà, á fi ìyẹ́ pàtẹ́wọ́;
bí kò bá mọ̀ ọ́n, á mi orí,
ohùn kan á sì dún bí ìgbà tí màlúù jókòó lé fèrè.

Èmi máa ń yára. Mo ń kó ọ̀rọ̀ kéékèèké
bí ẹni ń ṣa ìṣáwùrú létí omi.
Òun kì í kánjú. Ó ń wo lẹ́tà
bí ẹni ń wo ojú ọ̀run kó tó sá aṣọ.

Lálẹ́ Túsìdeè, M já, A já, R tẹ̀ lé e,
E méjì bí ìbejì tí kò fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀,
L, àti T kan tó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ọwọ́ tó fi ọgbọ̀n ọdún fa ìfun ẹja jáde
ń gbọ̀n lórí bọ́tìnì.
Ó tò ó: MAREEL.
Pẹ́pẹ́yẹ mi orí. Màlúù jókòó lé fèrè.

Ó tún un tò, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀.
Rárá ni.

"Ta ló kọ́ ọ níwèé?" ló bi í.
"Ìwọ tó ń gbé orí omi!
Ìwọ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù!"

Ó yíjú sí mi. Mareel, ó ní,
iná tí òkun ń tàn fúnra rẹ̀ lóru oṣù kẹsàn-án.
O ti àjẹ̀ bọ omi, omi dáhùn.
Ẹja sá, o rí ojú ọ̀nà tó gbà sá.
Lowrie, bàbá rẹ àgbà, wa ọkọ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ kan,
iná ń kán létí àjẹ̀ rẹ̀.
Mo dúró lórí àpáta, inú ń bí mi sí i.
Nígbà tó gúnlẹ̀, mi ò rántí ohun tó ṣe mọ́.

Ó fa ìwé kan jáde lábẹ́ tìmùtìmù,
ìwé tó ń sọ ìgbà tí omi á kún àti ìgbà tí á fà.
Pẹ́ńsù ti gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀:
peerie, ohun kékeré; smoorikin, ìfẹnukonu;
stumba, ìkùukùu tó nípọn débi pé ajá ń gbó ara rẹ̀.
Gbogbo èyí tí pẹ́pẹ́yẹ ti kọ̀.
Ó fi mareel kún un, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tirẹ̀ bọ́, kò fọ́,
ó ta padà bíi bọ́ọ̀lù, ó gbá a mú.

Èmi tò EEL, ẹja gígùn bí okùn bàtà.
Pẹ́pẹ́yẹ pàtẹ́wọ́. Mo borí.
Ojú tì mí díẹ̀,
àmọ́ mo jẹ ṣokoléètì tó jẹ́ ẹ̀bùn ẹni tó borí.

Ká tó sùn, a gbé tọ́ọ̀ṣì, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi.
Bàtà rọ́bà mi ti lu. Òkùnkùn ṣú bí inú àpò.
Ó ní kí n pa tọ́ọ̀ṣì.
Mo sọ òkúta kan. Kò sí nǹkan.
Òmíràn. Kò sí.
Ìkẹta, nǹkan kan ta fìrì, àbí ojú mi ni.
"Ṣé o rí i?"
Mo ní mo rí i.
Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ kejì, kí kẹ́tùlù tó hó, mo bá a níwájú tẹlifíṣọ̀n,
irun rẹ̀ wà bó ṣe bá a jí,
ó ń retí M, ó ń retí L.
"Bóyá ó ti lọ béèrè lóru," ló wí.