Ilẹ̀kùn Tí A Kì Í Tì Mọ́

Irun tí mo fi ogójì pọ́n-ùn dì lọ́jọ́ Sátidé,
ọjọ́ Túsìdé ni mo tú u palẹ̀,
torí wáyà wọn kò ráyè gba àárín rẹ̀ kọjá.
Ọmọkùnrin tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ mi lórí ń tọrọ àforíjì
bí ẹni tó tẹ àgbà lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.
Ó ní kí n dijú. Ó ní kí n lajú.
Ó tan iná kan tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú,
mànàmáná tí kò ní òjò.
Ẹ̀rọ ń kọ orí mi sílẹ̀:
òkè, ọ̀gbun, òkè, ọ̀gbun,
àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ tí n kò mọ̀ ọ́n kà.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí.
Mo ti bímọ méjì, mo ti sin bàbá mi,
mo ti wa mọ́tò nínú yìnyín gun gbogbo òkè Rotherham
lọ wẹ àwọn arúgbó, lọ fún wọn lóògùn aago mẹ́jọ.
Èmi náà ti ní òògùn aago mẹ́jọ báyìí.
Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Dókítà pe orúkọ rẹ̀ lédè tirẹ̀,
ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ òdòdó.
Inú bọ́ọ̀sì ni mo tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá,
wárápá,
mo sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan gbọ́.
Màmá mi lórí fóònù ní, "Ṣé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?
Má pe orúkọ ẹ̀ mọ́. Ó rẹ̀ ọ́ ni."
Lóòótọ́, ó rẹ̀ mí.

Ìkirè, kíláàsì kẹrin.
Múfútáù ṣubú lórí ìlà níbi tí a tò sí,
a sì fọ́n ká bí ẹ̀gà tí wọ́n sọ òkò sí.
Wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ràn.
Èmi ni mo ju kọ́ọ̀bù tó fi ń mumi sínú ṣálángá.
Kò sẹ́ni tó rán mi.
Nígbà tó jí, ó jókòó sínú erùpẹ̀,
ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu,
ó ń wò wá lókèèrè.
Lẹ́yìn Iléyá, kò padà wá sílé ìwé.

Nígbà tó kàn mí, inú ṣọ́ọ̀bù ni,
láàárín agolo tòmátì àti agolo ẹ̀wà.
N kò rántí ìṣubú.
Ahọ́n tó wú ni mo rántí, ṣòkòtò tó tutù,
àti obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí
tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi tòmátì,
kóòtù rẹ̀ lábẹ́ orí mi,
ó ń pè mí ní lọ́fù, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ayé níbí,
ó ní, "Mi ò lọ síbì kankan."
Mo fẹ́ sọ fún un pé kó sá.
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́ọ̀bù fún un.

Mọ́tò wà níwájú ilé, ewé ti ń bò ó.
Adéwùsì ń tan án ní gbogbo Sátidé kí bátìrì má bàa kú.
A ó jókòó sínú rẹ̀, a ó de bẹ́líìtì,
a ò ní lọ síbì kan.
Láísẹ́ńsì, èmi fúnra mi ni mo fi ránṣẹ́,
mo fi ahọ́n tó ṣì ń dùn mí lẹ àpò ìwé rẹ̀ pa.
Mísísì Tomlinson, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún,
bi mí ìdí tí mo fi ń pẹ́ dé.
Òun ni mo kọ́kọ́ sọ fún.
Ó ronú. Ó ní, "Tóò, ta ni yóò wá gbé ta nílẹ̀ báyìí?"
A rẹ́rìn-ín títí tíì fi tutù.

Wọ́n ní kí n má ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́.
Òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé.
Ìtùnú jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé ìṣirò rẹ̀.
Èmi tí kì í kọrin, mo ń kọrin,
kó lè máa gbọ́ pé mo ṣì wà.
Bí mo bá dákẹ́ láti bọ́jú,
pẹ́ńsùlù rẹ̀ á dákẹ́.
"Mọ́mì?"
Ọṣẹ wà lẹ́nu mi.
"Mọ́mì?"
Mo wà níbí, ọmọ mi.
Kọ èyí tó kàn.