Dáàṣì Méjì

Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì kú,
Oyègòkè pè mí láti Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n.
Kò kí mi. Ó ní, "Látúndùn, ẹ̀rọ rẹ ti jẹ ìdánwò mi."

Olùkọ́ ni. Ìbéèrè kíláàsì mẹ́ta ló kó sínú àpótí tí mo kọ,
àpótí tó ń rántí bí ìwé ti rí
kí ọwọ́ tó tún un ṣe.
Mo ní kó ka ohun tó tẹ̀ fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.
Ó kà á:

        dápadà --pamọ́ --dànù

Pa á mọ́. Dà á nù. Lórí ìlà kan ṣoṣo!
Ẹ̀rọ ò janpata. Ó gbọ́ ti ìkẹyìn,
torí èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀:
ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló lọ̀rọ̀.
Òfin tó kúrú, tó rọrùn láti kọ.
Ìbéèrè ìṣirò mọ́kànlélógún ló bá a lọ.

Ìyá mi ìbá rẹ́rìn-ín.
Lọ́dún tí kajú so tí ẹ̀ka ń ya lẹ́yìn ilé wa ní Àpáké,
Bàbá ní, "Sáré dé Tákíé, lọ gba owó mi lọ́wọ́ Àlàmú."
Màmá ní, "Gbẹ́sẹ̀ kúrò nídìí kajú yìí, kójú ẹ rí nǹkan."
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan níta, ẹsẹ̀ kan nínú ilé,
oje kajú ń jó mi lọ́wọ́.
Ta ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Àwọn méjèèjì ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́.
Mo bá béèrè: "Ti ta ni kí n ṣe?"
Bàbá fún mi ní ìgbátí kan.
Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọjú síra wọn.
Owó dé lálẹ́. Kajú ò sọnù.

Lóru yìí, bátìrì ku díẹ̀, ẹ̀fọn ò jẹ́ n gbádùn,
mo pa ìlà kan rẹ́, mo kọ mẹ́sàn-án dípò rẹ̀.
Ti --dákẹ́ àti --sọ̀rọ̀, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà;
ariwo ò pa fáìlì rí.
Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kó pa á mọ́, kó sì dà á nù,
kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.
Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wí pé:
"O ní --pamọ́, o tún ní --dànù. Èwo ni kí n ṣe?"

Oyègòkè á bínú. Á ní ẹ̀rọ ń da ìbéèrè bo àgbà.
Kó bínú.
Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ràn o, ṣùgbọ́n kò létí
tí èèyàn lè gbá.