Bora Kan, Ẹni Mẹ́ta

Ní ọdún tí ọyẹ́ là wá létè bí abẹ,
nílé wa ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́,
ẹni mẹ́ta ló ń pín bora kan.
Òjédélé, ẹ̀gbọ́n wa, ló ń sùn láàárín,
èmi lọ́tùn-ún, Àwẹ̀ró lósì.
Kì í ṣe ọ̀kánjúà. Ó kàn tóbi ni.
Bó bá ti mí kanlẹ̀, bora á wọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀,
èjìká àwa méjèèjì á wà níta,
á tutù bí ìdí àmù.

Nígbà tí Tíṣà Láníyọnu wá fi ṣọ́ọ̀kì
ya róbótó ńlá kan, kékeré méjì,
tó ní, "Ọ́síjìn nìyí, háídírójìn méjì nìyí,
ohun kan náà ni wọ́n jọ ń pín,
ṣùgbọ́n ọ́síjìn ló ń fà á jù,"
mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde.
Mo ní, "Sà, mo mọ̀ wọ́n. A jọ ń sùn ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.
"Èjìká tó wà níta yẹn, kí ló ń wá?"
Mo rò ó títí. "Bora ẹlòmíì, sà."
Ó fa ìlà kan tó ń já, tó ń so,
láti èjìká kékeré dé ẹ̀yìn ọ́síjìn orí ẹní kejì.
"Ọwọ́ tí omi fi ń di omi mú nìyẹn.
Kò le. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti já,
ó ti di ẹlòmíì mú."

Láti ọjọ́ náà, n ò lè wo omi lásán mọ́.
Ìrì orí ewé kókò, tó ká jọ róbótó bí ojú ẹyẹ:
kò rí ẹni dì mú lókè,
ló fi fún ará ilé rẹ̀ mọ́ra.
Kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ tó ń sáré lórí odò Ọbà
kò lóògùn kankan; ọwọ́ ló ń tẹ̀ kọjá.
Epo pupa ò bá omi jà.
Èjìká rẹ̀ ni kò sí níta.
Omi tí màmá gbé kaná ń pẹ́ kó tó hó.
Mo ní iná ń tú ọwọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó ní kí n lọ ṣẹ́gi wá.

Alẹ́ ọjọ́ kan, iná NẸ́PÀ dé, kò lọ.
Ìyẹn nìkan tó ìròyìn.
Màmá, tó ń ta yìnyín ní Tákíè,
ti kó gbogbo ọ̀rá sínú fíríìsà tán,
ó wá rọ omi kún ìgò tí bàbá mi fi sílẹ̀,
ó dé e pinpin, ó tì í sí kọ̀rọ̀.
Nídàájí a gbọ́ kàá!
Ìgò ti là. Yìnyín dúró láàárín èékù rẹ̀,
ó gbé ìrísí ìgò wọ̀, bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ẹ̀wù.
"Ta ló sọ òkò?"

Mo ní kò sẹ́ni.
Nígbà tí wọ́n ń sáré, wọ́n ń wọ́ lu ara wọn,
àyè kékeré gbà wọ́n.
Òtútù ló ní kí wọ́n dúró,
olúkúlùkù wá na apá rẹ̀ tán,
ó di ti ẹnìkejì mú, kò jù ú sílẹ̀ mọ́.
Ẹni tó na apá, ilé ń há mọ́ ọn.
Òun náà ló jẹ́ kí yìnyín máa léfòó nínú bókẹ́ẹ̀tì rẹ.

Màmá wò mí.
"Ìgò bàbá rẹ ni mò ń sọ."

Kò ta yìnyín yẹn. Ó gbé e sínú abọ́.
Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti di omi abọ́.

Òjédélé bá ọkọ̀ lọ sí Kánò lọ́dún náà.
Bora wá tó wa, ó tún ṣẹ́ kù.
Síbẹ̀ etí rẹ̀ ni èmi àti Àwẹ̀ró ń sùn,
ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì,
èjìká wa níta.