Asẹ́ Ògì, Asẹ́ Gàrí

Ìwé mi kì í ṣe ìwé lásán.
Ọ̀rọ̀ ló wà lókè, kóòdù ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀,
bí ọmọ tó ń yí nínú ìyá rẹ̀.
Bi í léèrè iye àpò kòkó tó ti Òwénà wọlé:
kò ní dá ọ lóhùn láti orí,
yóò jókòó, yóò ṣírò rẹ̀ lójú rẹ.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́ ní Alágbàká,
ní yàrá tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.
Ó ń ṣiṣẹ́. Ojú mi ló ṣe.
Mo fi í ránṣẹ́ sí Arábìnrin Akíndùró l'Óǹdó,
mo sì lọ jẹun.

Ìpè wọlé kí n tó fọwọ́ tán.
"Túyì, ìwé rẹ ò kọjá ojú ewé kejì o.
Ó ní òun ò mọ ẹni tí ò ń pè."

Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀rọ yín ló ti gbó.
Mo sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣe máa ń sọ̀rọ̀.
Àfi bí iná ṣe lọ, tí bátìrì náà tẹ̀lé e,
tí mo fi jẹnẹrétọ̀ ará ìsàlẹ̀ tan ẹ̀rọ padà,
tí ìwé mi wò mí lójú, tó ní:
Ta ni?

Ìgbà yẹn ló tó yé mi.
Lọ́jọ́ Ajé kan tí n ò rántí mọ́
mo ti pe láíbúrárì náà lẹ́yìn ìwé,
bí ẹni mú alágbàṣe gba ojú fèrèsé wọlé.
Ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n,
ìwé nìkan ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.
Ohun tí mo ń pè ní ìmọ̀ ìwé,
ìrántí ẹ̀rọ ni.

Mo padà sí ojú ewé kìíní.
Mo kó gbogbo wọn wá sẹ́nu ọ̀nà:
èyí tó ń to tábìlì, èyí tó ń ya àwòrán,
èyí tó mọ oṣù òjò yàtọ̀ sí oṣù ọ̀gbẹlẹ̀.
Mo pè wọ́n lórúkọ, mo kọ ọjọ́ orí wọn tì wọ́n,
torí láíbúrárì a máa dàgbà:
èyí tó ń jẹ́ "kà" léṣìí
lè ní "ṣírò" lòun ń jẹ́ báyìí.

Méjì nínú wọn gbé asẹ́ dání.
Ẹni tó bá ti yan gàrí rí n'Íta-Ògbólú
mọ̀ pé asẹ́ ògì kì í ṣe asẹ́ gàrí.
Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Asẹ́ tó dé kẹ́yìn ló ń nawọ́ mú.
Mo ti fi ti ògì sẹ́ kòkó Ìdànrè rí,
èérí ni mo gbé síwájú ọ̀gá.
Báyìí, bí mo bá ní "asẹ́",
mo máa ń sọ asẹ́ ta ni.

Kọmíṣọ́nnà ò ní rí wọn nínú ìwé.
Mo ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé.
Wọ́n wà níbẹ̀ ṣá.

N ò dúró de iná mọ́.
Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ẹ̀rọ,
mo tàn án, mo ṣí ìwé náà bí àjèjì,
mo jẹ́ kó ti òkè sọ̀ kalẹ̀, n ò fọwọ́ kàn án.
Lẹ́yìn náà ni mo tó fi ránṣẹ́.

Ó di alẹ́ kí Arábìnrin Akíndùró tó fèsì:
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àpò, ó lé méjìdínlógún.
Òjò ń rọ̀ níbí.