Ẹ̀kán Kan

Ní Nuuk, aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú.
Naduk pa iná yàrá ìwádìí,
ó tú bébà fàdákà lára ìgò:
fítámì A, ó pọ́n bí ìyeyè,
kì í fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rí òun.

Nínú àwo, àwọn sẹ́ẹ̀lì sùn sílẹ̀
bí ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ;
wọn ò mọ̀ bóyá ìfun ni wọn yóò dà.
Ó kán ẹ̀kán kan sí i.
Ó dúró.

Bibiane, ìyá ìyá rẹ̀, kì í jẹ ẹ̀dọ̀ béárì funfun.
"Jù ú sókun. Ajá gan-an ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò.
Ọkùnrin kan jẹ ẹ́ nígbà èwe mi,
awọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ bí ìbọ̀sẹ̀."
Naduk bi í léèrè ìdí. Kò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan náà ni.
Èyí tó bó ọkùnrin yẹn láwọ
ló ń sọ sí sẹ́ẹ̀lì létí báyìí:
ìwọ, ẹ̀dọ̀ ni ọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n ti sanra, wọ́n ti yọ igun,
òmíràn gbé kóró méjì sínú.
Ọ̀gá ní kó kán méjì sí i.
Naduk fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro,
ó we ìgò padà.